Ìwé Ẹ̀rọ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ Bí Ìwé Ilẹ̀

Wẹ́dà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ní Ìfọ̀. Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ gbogbo wa, ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ń yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì Ọ̀fàdà, ó sì gba páténtì lé e lórí, ìyẹn ìwé ìjọba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àfi bí wẹ́dà kan ní Mowe ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun tó jọ ọ́. Àwọn oníbàárà ẹ̀gbọ́n mi yà síbẹ̀. Ó ní dandan ni kí òun dá ọkùnrin náà dúró.

Èmi ni mo sìn ín lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Ìbàfò, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan.

Lọ́yà ní, "Ẹ fi àwòrán inú ìwé páténtì yín sílẹ̀ ná, bọ̀dá. Ibi tí ẹ ti sọ ohun tó jẹ́ tiyín gan-an ni kí ẹ kà."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó kà á bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì: asẹ́ irin méjì, fáànù lábẹ́ wọn, àti irin tí a ń fi ọwọ́ yí.

"Ti ará Mowe ńkọ́?"

"Asẹ́ méjì. Fáànù. Olè pọ́ńbélé!"

"Irin tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ tiẹ̀, bíi máṣìnnì ìránṣọ."

"Ta ló ní kí ẹ kọ ọwọ́ síbẹ̀?"

"Èmi náà ni. Kí ìwé náà lè lágbára ni."

Mo mọ ibi tó ti rí i. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, bí o bá ra ilẹ̀, wàá ka igi ọ̀pẹ, wàá ka kànga, wàá ka gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí ọmọ onílẹ̀ má baà tún un tà.

Lọ́yà mi orí. "Ti ilẹ̀ kọ́ nìyí o. Gbogbo ohun tí ẹ bá kà síbẹ̀ ni ẹ̀rọ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní kó tó wọ inú ààlà yín. Bí ẹ ṣe ń kà á kún un ni ààlà ń sún mọ́lé."

Mo ní, "Ṣebí agbára èèyàn náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀?"

"Ìbéèrè yín dáa. Adájọ́ lè rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ wo àlàyé tí bọ̀dá fúnra wọn ṣe." Ó ṣí ojú ìwé kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ ọ́ gbàgàdà síbẹ̀ pé ẹsẹ̀ kò dára, torí ẹ̀rọ á máa mì, òkúta á sì padà sínú ìrẹsì. "Ẹ̀yin lẹ yọ ẹsẹ̀ kúrò, bọ̀dá. Ẹ ò lè tún nawọ́ mú un."

Ẹ̀gbọ́n mi ká ìwé rẹ̀, a jáde sí òpópónà. Kò yà sí ọ̀nà ilé, Mowe ló gbà.

Bí wẹ́dà náà ṣe rí wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀gbọ́n mi kọjá lára rẹ̀. Ó jókòó ti ẹ̀rọ náà, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò mì. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: ọkùnrin náà ti gé táyà mọ́tò sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó má baà mì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò bínú?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Mo ń bínú," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, láti abẹ́ ẹ̀rọ. "Táyà mọ́tò wo lo lò?"