Ilé Tí Kò Gbọdọ̀ Rí Èéfín

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi ni. Mo wà níbẹ̀. Ojú méjèèjì tó wà lórí mi yìí, tí kò tíì wọ awò títí di òní, ni mo fi rí gbogbo rẹ̀, láti ọjọ́ tí a ti fa okùn ìpìlẹ̀ ilé náà títí di ọjọ́ tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ọwọ́ mi ló po amọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ mi náà ló gbẹ́ àwọn sàréè kéékèèké tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ̀ jù mí lọ, kó wá, kí n bi í ní ìbéèrè méjì péré.

Ọ̀mọlé ni mí. Ìwé kẹta ni mo kà dé kí bàbá wa tó ní kí n wá bá òun ní oko, ṣùgbọ́n láti Òde-Ìrèlè dé Ìlútítun, ẹ béèrè ta ló ń mọ ògiri tí kì í lanu. Èmi ni wọ́n máa tọ́ka sí. Ilé amọ̀ kì í sì í jábọ́ láti ọ̀run. Inú ilẹ̀ la ti ń wa amọ̀, ibi tí a bá sì ti wà á, kòtò ló máa kù. Ọ̀mọlé gidi máa ń dí kòtò yẹn kó tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀lẹ tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọ̀mọlé, bí wọ́n bá ti gbé òrùlé lé e, wọ́n ti sá. Nígbà yẹn, kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó parí, epo pupa ń mú owó wá sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, gbogbo ẹni tó bá ti ta epo díẹ̀ ló fẹ́ kọ́lé. Kòtò wá kún ìlú bí àpá ilẹ̀gbóná ṣe ń kún ojú ènìyàn. Òjò á rọ̀ sí wọn, omi á dúró, tanwíjí á máa jó nínú rẹ̀.

Wolé-wolé kan ló fi tanwíjí hàn mí ní Òde-Ayé nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ó bu omi kòtò sínú àwo funfun, ó ní, "Wo àwọn tó ń ta pọ́nún-pọ́nún yìí dáadáa. Láìpẹ́ wọ́n á hu ìyẹ́, wọ́n á wá kọrin sí ọ létí, ibà á sì tẹ̀lé orin náà." Mo rí i lẹ́ẹ̀kan, ó tó mi. Àwọn kan wà tí ẹ máa fi hàn títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí wọ́n á ṣì sọ pé oòrùn ló ń fa ibà.

Nítorí pé ọkọ́ mi mú, tí apá mi sì le, èmi ni wọ́n máa ń pè bí ọmọ bá kú. Òbí kì í sin ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ló ń ṣe é, wéréwéré, láìsí ariwo. Ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ tó èyí tí mo gbẹ́, tí kò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, afọ́jú ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó kan ìlẹ̀kùn mi. Bí òjò bá ti rọ̀ tí kòtò kún, ẹsẹ̀ wọn ò ní í kúrò ní ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé kì í sábà lọ. Èyí tó ti dàgbà tó ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹyìn bọ̀ láti oko, ibà á kàn dá a dùbúlẹ̀, á sì dìde. Àwọn tó ń lọ ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tí wọ́n ń sáré kiri àgbàlá. Ilé tó súnmọ́ kòtò, ilé tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú ìkòkò tí kò ní ìdérí, ilé tí wọ́n ti ń dúró de ìyanu kí wọ́n tó wá oògùn, ibẹ̀ ni mo ń padà sí. Àwọn ará ìlú ní àbíkú ni. Wọ́n á gé òkú ọmọ létí kó má bàa padà wá. Àwọn òmùgọ̀! Àbíkú wo ló ń dúró de òjò kó tó lọ?

Ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Ìyá kan, bàbá kan ló bí wa, mi ò mọ ibi tó ti rí orí tirẹ̀. Ó ń ra epo ní Ìlútítun àti àwọn abúlé, ó ń tà á ní Òkìtìpupa, ó sì rí ṣe. Èmi ló gbé iṣẹ́ ilé rẹ̀ fún, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Mo mọ ọ́n, wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n kan pákó sí àjà, wọ́n kùn ún ní funfun bí ẹyin. Ẹ̀gbọ́n mi á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, á máa wo àjà bí ẹni ń ka Bíbélì.

Ìyá wa ń ṣe púpúrú. Ẹni tí kò bá mọ púpúrú, ẹ̀gẹ́ ni a máa rẹ, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó ṣù ú roboto, a ó tò ó sórí pẹpẹ lókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Iná yẹn kì í kú ní ilé ìyá wa. Èéfín á gun òrùlé ewé, á wọ gbogbo yàrá, ojú á máa ta ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn wo ló máa dúró gbà á? Ìyá wa sì ń dé ìkòkò ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ ló bí, ọ̀kan ṣoṣo ló sin. Ẹ wá ìyá mìíràn tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú yẹn.

Nígbà tí ilé parí, ó ní òun fẹ́ ri pẹpẹ púpúrú mọ́ ẹ̀yìn ilé tuntun, kí òun lè máa wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ òun.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Èéfín ò gbọdọ̀ rí àjà yìí."

Ìyàwó rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Àwọn ọmọ mi ò sì ní í máa rùn bíi púpúrú láàárín ẹgbẹ́ wọn, Màámi."

Ìyá wa wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Púpúrú ló tọ́ ọkọ rẹ dàgbà. Ṣé ó rùn lọ́jọ́ tí ò ń sáré tẹ̀lé e?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Ṣùgbọ́n ìyá wa gbé àwọ̀n tó fi ń fún omi ẹ̀gẹ́, ó padà sí ilé ewé.

Ó wá ku kòtò. Kòtò ilé náà tóbi, nítorí pé ilé náà tóbi. Mo gbé ṣọ́bìrì láti dí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Fi sílẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ mi á máa wẹ̀ níbẹ̀. Bó ṣe ń rí níwájú ilé òyìnbó nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, ilé òyìnbó wo lẹ ti dé rí?"

"Mo rí i nínú kàlẹ́ńdà."

Kàlẹ́ńdà! Mo sọ̀rọ̀ tanwíjí fún un, ó ní kí ọ̀mọlé má sọ ara rẹ̀ di dókítà. Nígbà tí wolé-wolé tiwa yọjú, ó wo kòtò, ó wo ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi gbé garawa epo kan síwájú rẹ̀. Wolé-wolé ní pẹ́pẹ́yẹ náà sanra, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣọ́ ìlú.

Òjò àkọ́kọ́ tí wọ́n lò nínú ilé yẹn, àkọ́bí wọn lọ. Ọkùnrin ni. Wọ́n ní ọwọ́ ayé ni, pé ilé funfun ń dun àwọn ọ̀tá. Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo sì tún sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fọn imú, ó ní, "Ẹ̀fọn? Ẹ̀fọn tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa láàárọ̀ yìí, òun ló pa ọmọ mi?"

Nígbà tí òjò tún padà dé, ara ọmọ kejì gbóná, ọkùnrin lòun náà. Mo mú oògùn ibà kíkorò lọ láti dìsípẹ́ńsárì, irú èyí tí mo ń fún àwọn ọmọ tèmi. Bí wọ́n bá pọ̀ ọ́, mo máa gbá wọn létí, wọ́n á sì gbé òmíràn mì. Gbogbo àwọn ọmọ mi wà láàyè, ẹ wá kà wọ́n. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò gbà á. Ó ti gbé ọmọ lọ sí ilé àdúrà tó wà létí odò. Wòlíì ní oògùn ò gbọdọ̀ kan ọmọ náà lẹ́nu, omi àdúrà nìkan. Mo yọjú wo ìkòkò omi náà. Tanwíjí ń fò nínú rẹ̀ bí ìgbà tí ìsọjí bá gbóná.

Mo ní, "Wòlíì, kí lèyí?"

Ó ní, "Áńgẹ́lì ló ń rú omi, arákùnrin. Bọ́ bàtà rẹ."

Mi ò bọ́ ọ. Ọmọ náà kò rí ọ̀sẹ̀ yẹn parí.

Ọmọbìnrin kan ló wá kù, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ìyá wa kò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé funfun, ó ní, "Ẹ gbé ọmọ yìí fún mi títí òjò á fi dá." Ẹ̀rù ti ń ba ẹ̀gbọ́n mi díẹ̀, ó gbé e fún un. Ọmọ náà ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná púpúrú, ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ ń pọ́n, imú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò ní ibà. Mò ń wò ó lójoojúmọ́ tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Á sáré wá fi ọwọ́ èéfín nu mí lára, á máa rẹ́rìn-ín.

Ni ìkórè bá dé ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àlejò ń bọ̀ láti Òkìtìpupa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì fẹ́ kí wọ́n rí ọmọ náà nínú gáùn funfun, nínú ilé funfun. Ó wá gbé e. Ìyá wa ní òjò ò tíì dá.

"Màámi, ẹ wo ọmọ mi! Ó ti di púpúrú tán!"

Ó fi kànìnkànìn bó o, ó fi lọ́fínńdà sí i. Nígbà tí àwọn àlejò lọ, kò dá a padà. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ara rẹ̀ gbóná. Wọ́n ní eyín ló ń hù. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń funfun bí òwú, wọ́n ní gáùn ló ń mú kó rí bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, gìrì mú un. Igbe wọn ló mú mi sáré dé ibẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ mi. Wọ́n ti ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, aládùúgbò kan ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná tí wọ́n dá sí àgbàlá. Mo já ọmọ gbà.

Mo ní, "Ẹ so ó mọ́ mi lẹ́yìn. Oòrùn ò ní í tíì mú tí mo máa fi dé ọsibítù Òkìtìpupa."

Ẹ̀gbọ́n mi di kẹ̀kẹ́ mú. "Ọmọ mi? Lórí kẹ̀kẹ́ tí o fi ń ru amọ̀, kí gbogbo ayé máa wò mí? Mo ti ránṣẹ́ pe mọ́tò."

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí ń lọ."

"Mo ní mo ti ránṣẹ́ pe mọ́tò!"

Ìyá wa kúnlẹ̀ fún un, ìyá tó bí i. Ẹ̀gbọ́n mi kò tú ọwọ́ lára kẹ̀kẹ́. Ó gba ọmọ padà lọ́wọ́ mi, ó jókòó sí abẹ́ àjà rẹ̀, a sì ń dúró. Mọ́tò dé nígbà tí oòrùn ti wà lókè orí. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ṣí ìpéǹpéjú ọmọ náà, ó béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìsinsìnyí ni, nọ́ọ̀sì. Ìsinsìnyí gan-an ni." Níbẹ̀ náà, agbéraga ń parọ́ nítorí ojú èèyàn. Wọn ò tíì rí iṣan tí wọ́n máa gún lábẹ́rẹ́ tí ọmọ náà fi dákẹ́.

Mo gbé e padà sílé, mo gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó kó ẹrù lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lọ gba yàrá ní Òkìtìpupa, ó ti ilé pa. Ó fẹ́ òmíràn lẹ́yìn náà, kò bímọ mọ́.

Ọkùnrin méjì, obìnrin kan. Ọmọ mẹ́ta ni.