Òdo Inú Ìṣirò Bọ̀ọ̀dá Yúnúsà

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni Bọ̀ọ̀dá Yúnúsà. Bí ampilifáyà mọ́ṣáláṣí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì bá dẹnu kọlẹ̀ ní Mákùn, ṣọ́ọ̀bù wọn ni wọ́n máa ń gbé e wá. Mo fẹ́ràn láti jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé, nítorí wọn kì í fipá mú ènìyàn sọ̀rọ̀.

Bọ̀ọ̀dá ti lé ní ogójì ọdún kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀ ní pólì. Ilé-ìwé kan ní Ìsarà ti ṣèlérí láti gbà wọ́n ṣe olùkọ́ bí wọ́n bá gba ìwé-ẹ̀rí. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù, ìṣirò ampilifáyà. Wọ́n ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, pólì yóò ní kí wọ́n máa lọ.

Wọ́n fi ìbéèrè tó ń gbé wọn ṣubú àti àwòrán rẹ̀ hàn mí. "Tìránsísítọ̀ nìyí. Ohùn kékeré tó ń bọ̀ láti inú máíkì ló fẹ́ sọ di ńlá. Èyí tó wà lókè rẹ̀ ló ń fún un níná. Inú ìwé nìkan la ti ń rí irú rẹ̀: iye iná kan náà ló ń ṣàn jáde, ohun yòówù kí a so mọ́ ọn."

Wọ́n ní láti ya àwòrán kejì, ti ohùn kékeré náà nìkan, kí wọ́n sì ṣírò ìlọ́po mélòó ni yóò fi pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Ẹni tó ń tún ampilifáyà ṣe kì í ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láìkọ́kọ́ fi wáyà so ẹnu ibi tí iná wà pọ̀, kí iná tó ṣẹ́kù síbẹ̀ má baà gbé e. Bọ̀ọ̀dá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ọmọṣẹ́. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá ń fúnni níná nínú àwòrán, wáyà ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀. Ó tọ̀nà fún bátìrì. Ṣùgbọ́n ní ti èyí tó wà lókè tìránsísítọ̀ yìí, wáyà náà ń gbé ohùn lọ sílẹ̀ tààrà, ìdáhùn á sì di òdo.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìdánwò, Àǹtí Kareemat, ìyàwó wọn, ń ṣa obì gbàǹja sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Bàbá Ikhlas, kí lẹ tún rí?"

"Òdo."

"Bí oníbàárà bá gbé ampilifáyà tí kò gbóhùn sókè rárá wá, kí lẹ máa ń sọ?"

"Pé ó ti jó."

"Èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín yà náà ti jó nìyẹn?"

Mo fi híjáàbù bo ẹnu mi. Àǹtí wá béèrè iṣẹ́ tí nǹkan òkè yẹn ń ṣe, Bọ̀ọ̀dá sì ní iye kan náà ṣáá ló ń mú wá, kì í lé, kì í dín.

"Alhaja Ràbíátù tó ń kó obì wá fún mi nìyẹn," ni Àǹtí wí. "Apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá lójúmọ́, ọjà ìbáà kún, ìbáà dá. Bí àwọn oníbàárà Kánò bá bi mí pé apẹ̀rẹ̀ mélòó ló fi lé sí ti àná, mi ò jẹ́ ka Alhaja mọ́ ọn. Kí ni mo fẹ́ kà? Tiwọn kì í lé."

Bọ̀ọ̀dá gbé bírò sílẹ̀. Wọ́n ń wo ọwọ́ Àǹtí títí apẹ̀rẹ̀ kan fi kún.

"Ohun tó yí padà nìkan ni àwòrán kejì ń kà," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Iná tó ń gba inú bátìrì kọjá lè lé, ó lè dín. Agbára tó fi ń tì í ni kì í yí padà, ìdí nìyẹn tí wáyà fi lè rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣàn eléyìí gan-an ni kì í yí padà. Ìyípadà kankan ò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣe ni ká yọ ọ́, ká fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo."

Wọ́n yọ ọ́. Ìdènà inú tìránsísítọ̀ fúnra rẹ̀ nìkan ló kù. Èmi ni mo tẹ ẹ̀rọ ìṣirò: ìlọ́po ẹgbẹ̀rún méjì. Bọ̀ọ̀dá ní kí n tún un tẹ̀.

"Ẹ má gbé ìyẹn fún lèmọ́mù wa o," ni Àǹtí wí. "A ò ní lè sùn mọ́."

Ní ọjọ́ ìdánwò, Bọ̀ọ̀dá wọlé wá, wọ́n jókòó. "Ìbéèrè yẹn jáde," ni wọ́n ní. "Ọwọ́ mi ti fa wáyà sí i kí n tó mọ̀. Mo fagi lé e, mo tún un yà." Wọn kò jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà tí èsì jáde, máàkì márùndínlọ́gọ́ta ni wọ́n gbà. Àǹtí Kareemat kà á lórí fóònù, wọ́n sì wọlé lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá pe ọ̀gá ilé-ìwé Ìsarà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Yúnúsà ni, sà. Mo ti yege, sà." Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bóyá nítorí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, kí wọ́n tó béèrè ọjọ́ tí àwọn lè bẹ̀rẹ̀.