Ẹranko Inú Yìnyín Tí Mo Kọ̀ Láti Sọ Lórúkọ

Ìdàáṣà ni wọ́n bí mi sí, láàárín àwọn òkè, níbi tí òtútù tó le jù kò ju ti ọyẹ́ lọ. Èmi kò mọ̀ pé ilẹ̀ lè dì bí òkúta, kí nǹkan sì tún máa rìn nínú rẹ̀. Ayé Rẹfolúsíọ̀n, tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kamaráàdì, ni ìjọba rán mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Rọ́ṣíà. Ọ̀gá mi níbẹ̀, ìyá àgbà kan tí irun rẹ̀ ti funfun tán, kó àwa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun ayé níhà àríwá, níbi tí igi kan kì í hù. Ohun tí ìyá yìí fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá kiri ni àwọn ẹranko inú erùpẹ̀, àwọn tó lẹ́sẹ̀ olóríkèé bí ti akàn, ṣùgbọ́n tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí.

A ó bu erùpẹ̀ dídì lára àwọn òkúta ibẹ̀ sínú asẹ́, a ó tan iná lé e lórí. Bí ooru bá ti ń wọ erùpẹ̀, àwọn ẹranko inú rẹ̀ á máa sá lọ sísàlẹ̀, títí wọn á fi já sínú ìgò alikóòlù. Lọ́jọ́ kan, mẹ́sàn-án já sínú ìgò tèmi. Wọ́n funfun, wọn ò lójú, ẹsẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, wọn ò tó ìdá mẹ́rin ẹyọ ọkà bàbà. Èékánná wọn ní ehín mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni ti àwọn ẹbí wọn.

Ìyá àgbà tẹjú mọ́ ẹ̀rọ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá títí. Ó ní, "Èyí kò sí nínú ìwé kankan. Ìwọ lo rí i. Sọ ọ́ lórúkọ, kọ ọ́, ká tẹ̀ ẹ́ jáde."

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ó sọ ọ́."

"Èmi kọ́ ni mo rí i."

Lórí ọ̀rọ̀ yẹn la wà títí mo fi parí ẹ̀kọ́ mi. Mo gbé ìgò mi bọ̀ wálé.

Parakou ni wọ́n fi mí sí, pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí. A gba yàrá méjì ní Banikanni, èmi àti ìyàwó mi, ọmọ Ṣábẹ̀ tó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè. Mo gbé ìgò náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Láti ọjọ́ yẹn ni ara mi kò ti lélẹ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ orúkọ ẹranko sínú ìwé ni ayé á mọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó rí i tí kò dárúkọ, bí ẹni tí kò rí nǹkan kan ni. Mo sì fẹ́ kó jẹ́ tèmi, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọ̀dọ́mọdé kì í ṣíwájú àgbà sọ ọmọ lórúkọ. Mo kọ lẹ́tà sí ìyá àgbà, mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́. Oṣù mẹ́ta kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta kí èsì tó dé: "Sọ ọ́ fúnra rẹ." Mo tún kọ òmíràn, mo tún bẹ̀ ẹ́.

Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́, ara aago ni ojú mi á wà. Bí wọ́n bá pe ìpàdé kamaráàdì, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí, kí n lè tètè yọ lọ wò bóyá lẹ́tà ti dé. Ìyàwó mi ń wò mí.

"Bàbá wọn, ẹ tún ti lọ wo lẹ́tà ní lapóòsì."

"Mo kàn gba ibẹ̀ kọjá ni."

"Láti ilé ìwé sí Banikanni? Ẹ gba ojú ọ̀run ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, tí aṣọ tuntun bá wọ Arzèkè láàárọ̀, kí oòrùn tó le, a ti sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tó ní àwòrán àga ńkọ́? Èmi ni mo pè é ní 'Orogún, Dìde Ńbẹ̀'. Ó tán lọ́jọ́ náà. Ṣé mo kọ́kọ́ rán lẹ́tà sí ìyá mi ni?"

"Aṣọ nìyẹn."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Tiyín ni kòkòrò."

Nígbà ọlidé, mo wọ rélùwéè lọ bá bàbá mi ní Ìdàáṣà. Ó ń bẹ iṣu ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n bí i?"

"Bàbá, ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti rí i."

Ọ̀bẹ dúró lára iṣu. "Ọdún méjì! Ọjọ́ mẹ́jọ là ń dúró de àgbà. Bí àgbà ò bá dé, ẹni tó wà nílé á sọ ọmọ lórúkọ. Ṣé kí ó máa rá kiri láìlórúkọ ni?"

"Ẹ̀yin ẹ sọ ọ́, Bàbá."

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Báwo ni ilé tirẹ̀ ṣe rí?"

"Yìnyín ni. Ó lẹ̀ mọ́ ara òkúta, níbi tí ẹnì kankan kì í gbé."

Ó wo òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa. "Èmi ò rí i rí," ló wí. "Ìwọ lo rí i."

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà gan-an. Nínú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti sọ ọ́, mo fi òkè Ìdàáṣà sọ ọ́ lórúkọ, torí òkúta ni àwọn baba wa náà lẹ̀ mọ́ nígbà ogun. Mo kọ gbogbo rẹ̀, mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá àgbà.

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí èsì dé. Ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan tó ń walẹ̀ ní apá ibòmíràn nínú ilẹ̀ òtútù náà ti rí ẹranko eléhín mẹ́ta yẹn, wọ́n sì ti tẹ orúkọ rẹ̀ jáde kí tèmi tó dé. Ìyá àgbà fi kún un pé: "Odidi ọdún méjì ni mo fi ṣí ààyè sílẹ̀ fún ọ. Ojú ń tì mí láti gba orúkọ rẹ̀ sísọ mọ́ ọ lọ́wọ́."

Mo ka lẹ́tà náà fún ìyàwó mi. Kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ni wọ́n wá pè é?"

"Orúkọ ọ̀gá wọn."

"Ọ̀gá yẹn rí i?"

"Kò jọ pé ó rí i."

Ó sún oúnjẹ sọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹun, ó ti ń tutù."

N kò lè jẹun. Mo dìde, mo mú asẹ́ gàrí rẹ̀ lára ògiri, mo lọ bu erùpẹ̀ tútù lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Mo gbé fìtílà lé e lórí, mo gbé ìgò sábẹ́ rẹ̀. Ó ń kígbe láti inú ilé, "Bàbá wọn! Asẹ́ mi dà?" Ohun pupa kéékèèké kan já sínú ìgò, òmíràn tẹ̀ lé e. Bóyá ẹlòmíràn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, mi ò lè sọ. Kí ó tó dé ìdí ìgò, mo ti sọ ọ́ lórúkọ.