Gbólóhùn Tí Mo Kà Sétí Ngozi

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kékeré kan ní Ìkọ̀tún ni ẹ̀rù ìwé àdéhùn ti kọ́kọ́ bà mí. Lọ́yà tuntun ni mí nígbà náà, ẹnu mi dùn bí ẹni tó gbé ìwé òfin mì. Ọ̀gá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ní àṣà kan: ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ síwèé lọ́dọ̀ wọn láìjẹ́ pé a kà á sókè sétí tọ̀túntòsì.

Bàbá Ràfíù, onílé kan ní Baruwa, fẹ́ fi yàrá méjì háyà fún Ngozi, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ Ìgbò, tó lóyún oṣù mẹ́jọ. Bàbá ní kí n fi gbólóhùn kan kún àdéhùn náà: ayálégbé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí Ìgbò kankan yàtọ̀ sí ara rẹ̀ sùn nínú ilé. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà wéré. Ṣebí wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì pé kálukú ló lómìnira láti bá ẹni tó wù ú ṣàdéhùn bó ṣe wù ú.

Màmá ka ìwé náà, wọ́n wò mí. "Ta ló lómìnira níbí, Bísí?"

"Àwọn méjèèjì ni, mà. Obìnrin yẹn lè kọ̀."

"Pẹ̀lú ikùn yẹn? Sátidé ló gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó ń gbé. Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́, ìwọ lo máa kà á. Ojú ẹ̀ ni kó o máa wò."

Nígbà tí Bàbá àti Ngozi jókòó síwájú wa, mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi "Ìgbò kankan", ojú tì mí gan-an. Ngozi ò bú wa. Baruwa ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹ̀ já gaara ju tèmi lọ.

"Bàbá, mo máa fọwọ́ sí i, torí mi ò níbi tí mo máa lọ. Ṣùgbọ́n màmá mi tó ti padà sí Ẹnúgu ló ń bọ̀ wá wẹ ọmọ fún mi. Níbo ni kí wọ́n sùn?"

Bàbá Ràfíù họ orí. "Kò burú. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àyàfi ìyá ẹ̀."

Màmá ò gbóhùn sókè rárá. "Èyí tó wà níkùn ńkọ́, Bàbá? Tó bá dé, Ìgbò lòun náà. Ṣé ẹnu géètì ni ká tẹ́ ẹní fún un?"

Bàbá gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fa ìlà gba orí gbólóhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Kó máa kẹ́rù ẹ̀ bọ̀ jàre," ni wọ́n wí.

Látìgbà náà, mo ti ka ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kọ lórí àdéhùn àti ẹ̀yà, èmi náà ti kọ díẹ̀. Kò sí èyí tó yà mí lẹ́nu tó ti ọjọ́ yẹn. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo lé ọmọ tí wọn ò tíì bí jáde nílé, mo sì pè é ní òmìnira.