Kọ́kọ́rọ́ Ilé Umọlẹ̀ Lọ́wọ́ Àna

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Òkè-Ìlá, nílùú Adó-Èkìtì, á sọ fún yín pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Mo ti dàgbà kí n tó lọ síléèwé, ohun tí mo sì sábà máa ń kọ kò ju orúkọ oníbàárà sára pákó lọ. Nítorí náà, ẹ má rò pé mo fẹ́ pa àlọ́ fún yín. Ojú mi ló rí i, lọ́sàn-án gangan, oòrùn wà lókè, ọtí kò sì kan ẹnu mi. Ẹ gbà mí gbọ́ o, ì bá wù mí kó má rí bẹ́ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ọmọ ìlú kékeré kan ni, téèyàn bá ti kọjá Ìyìn. Lẹ́yìn agbo ilé wọn, yàrá kan wà tí wọ́n ń pè ní ulé umọlẹ̀. Àwọn tó ń sọ Yorùbá ìwé á ní ilé imọlẹ̀, ilé òrìṣà. Àwọn ará àtijọ́ tí umọlẹ̀ náà bá ṣe lóore, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó ẹ̀bùn wọn wá: iyùn, sẹ̀gi, eyín erin, orí idẹ tó jọ orí èèyàn. Kò sẹ́ni tó ń kó nǹkan jáde níbẹ̀. Wọ́n kàn ń kó o wọlé ni.

Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá ìyàwó mi, ni àwòrò tó jẹ kẹ́yìn níbẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kú, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó na kọ́kọ́rọ́ onírin gígùn kan sí mi.

"Ọkọ Àbẹ̀kẹ́, gbà."

Mo ní, "Ìyá, àwọn ọmọ yín ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó húkọ́. "Àwọn ọmọ mi lè jogún. Ìwọ, àna ni ọ́. Àna kì í jogún. Ohun tí mo fi pè ọ́ nìyẹn."

Ó kìlọ̀ fún mi. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, kí n kágò. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ni, kí n ní olùṣọ́ ni. N kò gbọdọ̀ wí pé onílé ni, ì báà jẹ́ eré.

"Onílé wà nínú ulé," ló wí. "Onílé kì í pé méjì."

Mo kà á sí ọ̀rọ̀ àgbà. Láti ìgbà tó ti kú ni mo ti ń gun ọ̀kadà láti Adó lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Màá kágò, màá gbá iwájú ilẹ̀kùn, màá wò ó bóyá ikán ti dé ara férémù, màá sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn rí.

Ìjà wá dé lórí ẹrù inú yàrá náà. Ẹ̀gbọ́n Jídé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó jẹ́ Dáwódù ilé náà, ní ogún bàbá àwọn ni. Wòlíì Sámúẹ́lì àbúrò rẹ̀, tó ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, ní ohun òrìṣà ni, kí wọ́n dáná sun ún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ yọ iyùn sọ́tọ̀ ná, torí iyùn kò dẹ́ṣẹ̀. Ọkùnrin kan láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú nǹkan àtijọ́ ní gbogbo ìlú ló ni ín.

Ìpàdé lórí ìpàdé. Ó sú mi! Mo jókòó nínú agbo ilé yẹn títí mo fi mọ èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ kán nínú àwọn àga onírọ́bà wọn.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin ìjọba yẹn sọ pé ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn tẹ́ḿpìlì àtijọ́ wà tí wúrà kún inú wọn. Ó ní òfin wọn gbà pé òrìṣà inú tẹ́ḿpìlì fúnra rẹ̀ lè ni ẹrù. Ìdílé tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, olùṣọ́ lásán ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n Jídé pòṣé. "Ṣé Íńdíà lo bá wa ni? Òrìṣà tí kò lè jẹ iṣu, ilé ẹjọ́ wo ló fẹ́ lọ?"

Wòlíì mi orí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dárúkọ ẹ̀ níbí."

"Èwo? Íńdíà?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yẹn wúwo lápò mi. Bí mo bá nà án sí Jídé, Wòlíì á pariwo. Bí mo bá nà án sí Wòlíì, Jídé á ní kí ni àna lásán-làsàn ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé àwọn ṣe. Kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n gbé e sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́ pé mo mú un.

Bọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Àbẹ̀kẹ́ fi sílẹ̀ fún mi, wá mú àfẹ́sọ́nà wálé. Àwọn ẹbí ọkọ fẹ́ wá tọrọ rẹ̀. Wọ́n bèèrè ẹni tó máa dúró ní ìhà ìyá rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Jídé ló sì kàn. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣílẹ̀kùn fún mi," ló rọra wí, "èmi náà á ṣílẹ̀kùn fún ọmọ rẹ. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ọmọ ilé wa tó máa jókòó gba àna yẹn."

Kí lẹ ní kí n ṣe?

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́ta dúró síwájú ilẹ̀kùn, èmi, Ẹ̀gbọ́n Jídé àti Wòlíì, tó ní wọn ò ní ṣí i lẹ́yìn òun. Mo kágò.

"Àna, ta lò ń kágò fún?" ni Jídé wí. "Aláǹgbá?"

Bí mo ṣe fẹ́ ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò ni ohùn kan sọ̀rọ̀ nínú yàrá, wúyẹ́wúyẹ́.

"Ta ni?"

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Yàrá yẹn kò ní fèrèsé, kò sì ní ilẹ̀kùn mìíràn. Èmi gan-an ni mo tún férémù rẹ̀ ṣe. Ohùn Ìyá Àgbà ni, pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀.

Kí n tó rí "olùṣọ́" sọ, Ẹ̀gbọ́n Jídé ti dáhùn. Ẹ má bá a wí. Ní gbogbo ìpàdé wọ̀nyẹn, ìdáhùn kan náà ló ń wà lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi onílé ni!"

Àwọn adìẹ tó ń jẹ̀ lágbàlá dúró.

"Onílé," ni ohùn náà wí, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Ó tó gẹ́ẹ́. Máa wọlé bọ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi o! Jídé wọlé bí ẹni tí wọ́n fà lọ́wọ́. Mo rí àwọn idẹ tó ń dán bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù láàárọ̀. Afẹ́fẹ́ tútù kan gba ẹ̀gbẹ́ mi jáde, ó ń rùn bí àdín tí Ìyá Àgbà máa ń fi para. Ilẹ̀kùn padé.

Wòlíì, tí kì í wọ bàtà, gba orí òkúta sá lọ bí ẹni tó wọ bàtà méjì.

Mo yí kọ́kọ́rọ́, mo ti ilẹ̀kùn. Jídé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ ń nu orí idẹ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Lọ síbo? Ilé mi nìyí."

Èmi àti àwọn ọmọkùnrin agbo ilé fipá gbé e sínú mọ́tò, ọsibítù Adó là ń lọ. A ò tíì dé Ìyìn tí èémí rẹ̀ ti ń já. Nígbà tí awakọ̀ yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí dáadáa. A dá a padà sí yàrá yẹn. Dókítà tó wá wò ó níbẹ̀ ní kò sí ohun tó ṣe é. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń nu idẹ. Kò banújẹ́. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nìyẹn.

Wòlíì wá ránṣẹ́ sí mi pé níwọ̀n ìgbà tí ara ẹ̀gbọ́n òun kò yá, òun ni Dáwódù, kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Mo ní kó wá kágò fúnra rẹ̀. Kò tíì wá.

Àwọn ẹbí ọkọ Bọ́lá kò yéé bèèrè. Ọmọ mi kàn ń wo ojú mi. Ní Sátidé tó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn yẹn, mo kágò.

"Ta ni?" Ohùn Jídé ni, ṣùgbọ́n ikọ́ Ìyá Àgbà ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Olùṣọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ Bọ́lá ni. Ẹ sọ ẹni tó máa dúró fún un."

"Olùṣọ́ ta ni?"

Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí iyanrìn fi wọ̀ mí lẹ́nu. Bí mo bá ní tirẹ̀ ni, mo ti fi í jẹ onílé títí ayé; bí mo bá ní ti umọlẹ̀ ni, kò ní sẹ́ni tó máa dúró fún Bọ́lá. Títí di òní, n kò rí èsì rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà tí ẹ kò mọ ẹni tó wà nínú ilé, ẹ kágò. Bí wọ́n bá bi yín pé ta ni, ẹ fara balẹ̀. Ẹ má sọ ohun tí ẹ máa ń sọ nípàdé. Wọ́n lè gbà yín gbọ́.