Ilé Onítáyà Tí Onni Kangas Fi Sílẹ̀

Ọgbọ̀n ọdún ni Aili Kangas fi fọ aṣọ ibùsùn àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan létí adágún Superior ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó máa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Gbogbo èèyàn rò pé yóò sinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ ti mọ́ lára, ìsinmi a máa ṣe é bí àìsàn. Kò pẹ́ tó fi lọ ṣí ilẹ̀kùn ilé onítáyà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀.

Onni, bàbá rẹ̀, tó ń wa irin lábẹ́ ilẹ̀, ló ra ilé kékeré yìí nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní kékeré. Orí táyà méjì ló jókòó lé. Tí ìgbà ooru bá dé, Onni á so ó mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀, á fà á lọ sí etí omi. Tábìlì inú rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ di ibùsùn lálẹ́, Aili àti Lempi àbúrò rẹ̀ á sì há mọ́ra wọn lórí ẹ̀ bí ẹja inú agolo. Igi bẹ́ẹ̀ṣì, igi ilẹ̀ olótùútù kan tó pọ́n bí oyin, ni wọ́n fi bo inú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àtìgbà tí Onni ti kú ló ti wà lábẹ́ igi páìnì lẹ́yìn ilé Aili, tí yìnyín ń wó lé e, tí eku ń bímọ síbẹ̀.

Rudy, ọkọ Aili, gbé ife kọfí rẹ̀ dání, ó yọjú wọlé.

"Kí lò ń wá níbí?"

"Kọ́tìnnì lásán ni mo fẹ́ pààrọ̀."

"Kọ́tìnnì! Mo mọ̀ ẹ́ o. Kọ́tìnnì náà lo ní o fẹ́ pààrọ̀ lọ́jọ́sí, tá a fi wó gbogbo ilé ìdáná."

Rudy kò purọ́. Bí Aili ṣe fa kọ́tìnnì, pákó abẹ́ fèrèsé bá a wá bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Omi ti ń gba ibẹ̀ wọlé láti ọjọ́ pípẹ́. Ó yọ pákó náà, ó bá igi ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti jẹrà. Ó tọpa igi náà dé ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọlé gbìì dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí a bá fa gbùùrù, gbùùrù a fa igbó.

Rudy bá a gé pákó tuntun sí ilẹ̀. Ìyókù, Aili fúnra rẹ̀ ló ṣe é, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rí ògbólógbòó lábẹ́ orúnkún. Àwọn pákó bẹ́ẹ̀ṣì tí kò tíì jẹrà, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọtí kíkan fọ èéfín tábà Onni kúrò lára wọn. Ó wá ń fi sáńpépà yùn wọ́n, díẹ̀díẹ̀, bí ìlà igi ṣe lọ. Ní àwọn alẹ́ mìíràn, ọwọ́ rẹ̀ kì í lè di ṣíbí mú. Nígbà mìíràn á jókòó sílẹ̀ láàárín eruku igi, kò ní mọ ohun tó ń torí ẹ̀ ṣe é mọ́.

"Jẹ́ ká dáná sun ún," Rudy á ní. "Ká fi iná ẹ̀ yan ẹja."

Aili kì í rẹ́rìn-ín.

Ọdún kan péré ni Aili fi ju Lempi lọ. Ìlú Marquette ni Lempi ń gbé, tó ti ń gé irun fún àwọn obìnrin, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá wá lọ́jọ́ Àìkú, á di ọwọ́ Aili mú, á yí i síwá sẹ́yìn.

"Wo ọwọ́ ẹ! Ẹsẹ̀ adìẹ sàn jù ú lọ." Á wá na fóònù rẹ̀ síwájú Aili. "Wo bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe é. Funfun báláú! Ojú kàn ń ríran ni. Tìẹ yìí ṣókùnkùn bí inú kòkò tábà."

Aili ò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti jiyàn.

Kí ìgbà ooru tó parí, orúnkún kan kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ. Lempi wá dúró ti Rudy nílé. Ọjọ́ tí Aili dé, tó ń fi ọ̀pá méjì rìn, Lempi pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀dà nínú irun, ó sì mú un lọ sí ẹ̀yìn ilé.

"Di ojú ẹ. Ó yá, là á!"

Funfun ni gbogbo inú ilé onítáyà náà. Ògiri, àjà, àpótí aṣọ, gbogbo ẹ̀ funfun bí ilé ìwòsàn tó ti ń bọ̀. Ilẹ̀kùn àpótí kékeré kan lókè ibùsùn nìkan ló ṣẹ́ kù, nítorí ọ̀dà tán.

"Mi ò fẹ́ kó o tún fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́," Lempi ní, inú rẹ̀ ń dùn. "Ó parí!"

Aili wá ìbínú nínú ara rẹ̀, kò rí i. Àárẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ó ní, "O ṣeun," ó wọ ilé rẹ̀ lọ, ó dùbúlẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

"Ṣé kò fẹ́ràn ẹ̀ ni?" Lempi bi Rudy.

"Lempi, gbogbo ìgbà ooru yìí ló fi ń fọwọ́ pa igi yẹn lára bí ọmọ ìkókó."



Nígbà tí ojú egbò jinná, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jókòó sínú ilé oru, yàrá tí òkúta gbígbóná ti ń mú kí èèyàn làágùn, lọ́jọ́ Sátidé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láti kékeré. Òkúta ń hó, òógùn ń ṣàn.

"Bú mi," Lempi ní.

"Mi ò lágbára ẹ̀."

"Bú mi, Aili. Dídákẹ́ tó o dákẹ́ yìí ń pa mí."

Aili da omi sórí òkúta. "Gbogbo ìgbà tí mo ń yùn ún, mo ń gbóòórùn tábà Bàbá. Ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n jókòó tì mí. Ìwọ lọ fi ọ̀dà bò wọ́n."

Lempi ní, "Èmi ò fẹ́ gbóòórùn yẹn mọ́. O ò rántí bí wọ́n ṣe máa ń jágbe mọ́ Màmá nínú ẹ̀, tí òjò bá ká wa mọ́? Ìwọ á ti sùn. Oorun kì í kun èmi."

Aili ò mọ̀. Gbogbo ọdún yẹn, kò mọ̀. Ó mú ìdì ewé bẹ́ẹ̀ṣì tó wà nínú korobá, ó rọra ń fi í na ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀, bí ìyá wọn ṣe máa ń ṣe fún wọn kí ara lè tù wọ́n.

"Màá ha ọ̀dà yẹn kúrò," Lempi ní. "Èmi fúnra mi."

"Fi í sílẹ̀. Ta ló tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n rán tìmùtìmù tuntun, wọ́n kọ́ kọ́tìnnì, Rudy sì fa ilé onítáyà náà lọ sí etí omi kí òtútù tó dé. Ilé náà kò rí bí Aili ṣe fẹ́, kò sì ní rí bẹ́ẹ̀ láéláé. Lempi ló ń lò ó jù báyìí. Aili a máa bá a lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ sóòrùn, bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kó dìde wá ran òun lọ́wọ́, á ní ó ti rẹ òun.