Àdúrà Tí Mo Gé

Mi ò ní sùúrù, gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ tó ń gbé ìpè oníbàárà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan n'Ìkẹ́rẹ́, níbi téèyàn ti ń rí àpáta Ọlọ́sunta lójú fèrèsé. Ilé iṣẹ́ tó ń ta iná sólà ló gbà wá. Bí sólà ẹnikẹ́ni bá yọnu, àwa ni wọ́n máa ń pè.

Ìkíni ló ń pa wá lára. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n fún wa lórí ìpè kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Àgbàlagbà Èkìtì wo ló máa kí èèyàn tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin? Wọ́n á béèrè ulé, bí Èkìtì ṣe ń pe ilé, wọ́n á béèrè ọmọ, kí wọ́n tó sọ pé iná ò tàn. Bí o bá bá wọn tún un ṣe tán, ó ku àdúrà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa wo ló máa pa fóònù mọ́ àgbà lẹ́nu àdúrà?

Ọmọbìnrin kan wà tí kò lè ṣe é rárá. Oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bí òkú ọmọ ní ilé agbẹ̀bí kan lábúlé ọkọ rẹ̀. Torí iṣẹ́ yìí ni ilé ìwòsàn gidi kan l'Adó ṣe gbà á, ilé iṣẹ́ ló ń sanwó rẹ̀ níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bọ́, abúlé náà ni yóò padà sí.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni ọ̀gá dé láti Èkó. Ó ní ẹni tí ìpè rẹ̀ bá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin lójú òun, kó máa lọ ilé. Mo fa ọmọbìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Jọ̀ọ́, má pa mí, má pa ara rẹ. Tó bá ti ku díẹ̀, dúpẹ́, kí o tẹ bọ́tìnnì."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Mo so íápíìsì kejì mọ́ etí, mo dúró tì í. Bàbá kan pè láti oko kan lẹ́yìn Ẹmùré. Wáyà ló yọ lára sólà rẹ̀, ọmọ yìí sì ṣàlàyé fún un wéré. Inú mi ti ń dùn. Àfi bí bàbá ṣe tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Mo ń gbọ́ bí o ṣe ń mí, ọmọ mi. Àbí o lóyún ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

Ó di àdúrà. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Àmín. Wàá bí tibi tire. Àmín. Aago ń sáré lójú kọ̀ǹpútà. Mo fọwọ́ kàn án léjìká, kò wò mí. Mo tún kàn án.

"Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ, ọmọ mi..."

Mo nawọ́, mo tẹ bọ́tìnnì. Ìpè já.

Ọ̀gá ní ó yege. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, àmọ́ omi ti lé sí i lójú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni bàbá fẹ́ sọ nípa ọjọ́ ìkúnlẹ̀ mi?"

"Rere ni! Kí ló tún fẹ́ jẹ́?"

"Ẹ ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́."

Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti pe bàbá padà. Yéè, mo gbé! Wọn kì í fi fóònù ilé iṣẹ́ pe oníbàárà fún ọ̀rọ̀ ara ẹni, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lé ẹni tó bá dán an wò. Ọ̀gá dìde, ó ní kó gbé e sílẹ̀. Mo bẹ ọ̀gá, mo bẹ ọmọ.

Bàbá gbé ìpè, kò mọ nǹkan kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni: ulé ńkọ́, ọkọ ńkọ́? Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ tòun ti ikùn, ó ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń pariwo nínú mi pé bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára. Bàbá ò yára. Kó tó kan àdúrà, ọ̀gá ti fa wáyà yọ, ó ní kó máa lọ.

Ọmọbìnrin náà dìde, ó kó ẹrù rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e dé ẹnu àtẹ̀gùn, mo ní kó jẹ́ kí èmi parí àdúrà náà fún un.

"Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Oṣù rẹ̀ ti pé báyìí, ó ti kọjá. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mi ò láyà láti pè é.